Bọ́tìnnì Ọjọ́ Ọdún

Kò sí ohun tó ń pariwo tó ìkòkò ńlá nínú ilé tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, Ìyá Aránṣọ gbé ìkòkò tó tóbi jù nílé rẹ̀ ka iná, ó da ìrẹsì sí i bí ẹni tí yóò bọ́ odidi àdúgbò, ó sì dúró tì í pẹ̀lú síbí lọ́wọ́. Kì í ṣe ìkòkò ló ń wò. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú tó jìnnà. Ó ti pè lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Màámi, wọn ò fún wa láàyè o. Ọ̀gá ní àìsàn ò mọ ọdún."

"Ọdún tó kọjá ńkọ́? Ṣé àìsàn tọdún yẹn náà ò mọ ọdún ni?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fi ra adìyẹ tó sanra."

Ìyá Aránṣọ ra adìyẹ náà, ó sì sanra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n adìyẹ kì í báni tàkúrọ̀sọ. Owó kì í tọ́ ọbẹ̀ wò kó ní, "Màámi, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ kún un." Ohun tí ayé wá dà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ á di ọmọ ọlọ́mọ mú lọ́jọ́ tó yẹ kí gbogbo ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ á fi owó dí àyè ara rẹ̀, ìyá á ní kò burú. Ta ló sọ pé kò burú? Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Wọn ò sọ pé inú fóònù ló wà.

Ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ ní ọgbọ́n kan tó fi ń la ọjọ́ ọdún já. Lọ́dọọdún, nínú gbogbo aṣọ ọdún tó bá rán, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ibì kan sílẹ̀ lára ẹyọ kan: ó lè jẹ́ bọ́tìnnì tí kò rán kó le, ó sì lè jẹ́ etí aṣọ tó kàn fi fọ́nrán òwú kan dì mú. Ẹni tó ni aṣọ á gbé e wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, òwú á já, á sì sáré padà wá. "Ìyá Aránṣọ, ẹ gbà mí o!" Ìyá Aránṣọ á ní kó jókòó. Kí abẹ́rẹ́ tó délẹ̀, àwo ìrẹsì ti dé iwájú rẹ̀. Kó tó rántí ilé, oòrùn ti yí. Àlejò kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kò sẹ́ni tó fura rí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé bí aṣọ bá já, ara wọn làwọn èèyàn máa ń bá wí. Wọ́n á ní àwọn ló sanra.

Lọ́dún yìí, ìbínú ló bá a nídìí màṣíìnì. Ìbínú kò sì mọ̀ pé olúwa rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ pè yẹn gan-an, ó ń rán síìpù gáùn Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó sì fi ìdí síìpù náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ pé, "Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bá wá ńkọ́?" Ló bá fi ìkọ́ ìbàdí ṣòkòtò Dírẹ́bà sílẹ̀ pẹ̀lú. "Bí Dírẹ́bà náà ò bá wá ńkọ́?" Ó tún fi apá aṣọ ìyàwó tuntun tó ń gbé ní àjà òkè sílẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ fi balẹ̀, àwọn aláṣọ ti gba aṣọ wọn lọ.

Ìrẹsì jinná. Adìyẹ jinná. Ìyá Aránṣọ wẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó jókòó sídìí màṣíìnì tó ti fi aṣọ bò, ó sì ń retí kí nǹkan já.

Nǹkan kan ò já. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ ní títì nínú aṣọ tuntun, aṣọ tó jẹ́ pé òun ló rán ìdajì wọn. Ó dá aṣọ mọ̀ ju èèyàn lọ: kọ́là yẹn rèé, ìdí gáùn yẹn rèé. Kò sí aṣọ kan tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dorí kodò: aránṣọ ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọwọ́ òun ó bàjẹ́!

Ó ti fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ọdún o, Ìyá Aránṣọ."

Bàbá Aláago ni, ẹni tó ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó dojú kọ tirẹ̀. Opó ọkùnrin ni, ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, àmì róbótó kan kì í sì í kúrò ní ojú rẹ̀ ọ̀tún, níbi tó máa ń há gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago sí. Ìyá Aránṣọ máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò wo àmì yẹn rí. Ó mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá Aláago. Ẹ wọlé. Kò tún sí nǹkan kan, àbí?"

Ọkùnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bo àyà bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Bọ́tìnnì ni."

"Òmíràn! Bàbá yìí, ṣé ẹkùn lẹ máa ń bá jìjàkadì nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni? Láàárín ọdún yìí nìkan, bọ́tìnnì tí mo ti rán fún yín tó aṣọ ẹgbẹ́ akọrin."

"Aago ló ń fà wọ́n ya."

"Aago wo? Aago ọwọ́ tó kéré bí èékánná yẹn?"

Ó sún mọ́ ọn láti wo àyà aṣọ náà, inú ilé sì gbóná lójijì bí ẹni pé iná ìdáná ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Ó fi ìka kan ibẹ̀. Bọ́tìnnì tó bá fà ya fúnra rẹ̀, òwú rẹ̀ á rí jágbajàgba. Ti èyí mọ́ tónítóní. Irin kékeré tó mú ló gé e. Ìyá Aránṣọ gbójú sókè láti béèrè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin.

Kò tíì la ẹnu tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà.

"Ẹ má wò mí o! Ẹni tó bá wò mí, ojú ẹ̀ á fọ́!"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wọlé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn, ó fi aṣọ ibùsùn bo ẹ̀yìn, ó sì na ìka sí Ìyá Aránṣọ bí ìbọn.

"Aránṣọ! Síìpù rẹ ti dójú tì mí. Mo tẹ̀ láti gbé bàtà, mo gbọ́ fàààà! Mo rò pé egungun mi ló já. Àṣé ẹ̀yìn mi ti wà níta, tó ń kí aráyé ọdún!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jókòó..."

"Ìdí wo ni mo fẹ́ fi jókòó? Ṣé kí ìdí náà lè ya ni?"

Kí wọ́n tó rí i pa lẹ́nu mọ́, Dírẹ́bà ti dé. Ó ń fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú ní ìbàdí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kí wọn.

"Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Aránṣọ, ẹ wo ohun tójú mi rí. Mo kàn na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kan lódìkejì títì. Ṣòkòtò ní òun náà á kí ilẹ̀!"

Bàbá Aláago fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wo Dírẹ́bà láti orí dé ìbàdí, bí ẹni tó ń wo búrẹ́dì tó jóná nísàlẹ̀.

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà bíi báwo, ìyá?"

Ẹnì kan rọra kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀. Ìyàwó tuntun ni. Kò tíì pẹ́ ládùúgbò; ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí omi, ọkọ̀ wọn ò sì tíì gúnlẹ̀. Ó fi ìka méjì di èjìká aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ kú ọdún, mà. Apá aṣọ yìí ló tú. Ẹ má bínú, ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo fà á jù."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, èyí ló dun Ìyá Aránṣọ jù. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì jẹ́ kí aṣọ ibùsùn ọ̀hún bọ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí ẹ̀yìn mọ́.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ẹ dúró, ẹ dúró. Èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun láti kékeré. Bí búrẹ́dì kan bá rì, a lè ní ìyẹ̀fun ni. Bí gbogbo búrẹ́dì bá rì lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe búrẹ́dì ló jẹ̀bi. Ẹni tó pò ó ni." Ó yíjú sí Ìyá Aránṣọ. "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Dírẹ́bà ní, "Háà, ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa..."

"Jẹ́ kó dá mi lóhùn! Tí kò bá sọ òótọ́, kó tó di ọ̀la, ẹni tó bá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi á gbọ́ irú aránṣọ tó jẹ́."

Ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kì í ra búrẹ́dì. Ìyá Aránṣọ wo ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ lára ògiri, ó wo àwọn aṣọ tó so kọ́, ó wo ẹ̀rọ tó ti fi gba orúkọ rere ní àdúgbò yìí. Ó lè purọ́. Ó lè ní òwú ni kò dáa, pé ẹni tó ta òwú fún òun ló ṣe é. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n. Ó wo ìyàwó tuntun tó di èjìká mú lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé irọ́ náà mì.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ó ní.

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ lè wá."

Nínú ìdáná, ìdérí ìkòkò ńlá mì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, òórùn ọbẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá bí àgbà tó ń lọ sáàárín ìjà.

"Ọmọ mi ò wá," Ìyá Aránṣọ ní. "Mo sì ti se oúnjẹ. Ẹ bọ́ aṣọ yín, màá tún un rán kí ẹ tó lọ. Ẹ lè sọ fún ẹni tó bá wù yín."

Bàbá Aláago ló kọ́kọ́ sún síwájú. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú agolo pẹlẹbẹ tó máa ń kó àwọn ìdè aago sí jáde, ó ṣí i, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí màṣíìnì. Bọ́tìnnì ni. Funfun, dúdú, aláwọ̀ erùpẹ̀, wọ́n ń yí gbiri lórí igi, wọ́n ń jábọ́ sílẹ̀.

"Tí ẹ bá fẹ́ lọ ròyìn ẹni tó jẹ̀bi," ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì le, "ẹ ròyìn tèmi mọ́ ọn. Irin tí mo fi ń ṣí aago ni mo fi ń gé wọn. Lọ́jọ́ ọdún, mo máa ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń wo ibí. Lọ́dọọdún ni mo ń rí i pé àlejò ti wà níbí, màá bá padà wọlé. Lónìí mo wò títí, n ò rí ẹnì kankan. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo gé bọ́tìnnì, mo sọdá."

Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀. Àlejò tó ń fi abẹ́rẹ́ dẹ lọ́dọọdún, òun ló ń lé ẹni tó ń retí padà!

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo agolo. Ó wo Bàbá Aláago. Ó wo Ìyá Aránṣọ tí ojú ń tì bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gun òkè, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìyókù síìpù náà fi já, fàààà!

"Yéè! Ó parí!" Ó jókòó wìì sórí àga, ó ń fi etí aṣọ ibùsùn nu omi ojú. "Aláago! Ẹni tó jẹ́ pé a rò pé kò lẹ́nu! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tèmi náà. Láti àárọ̀ ni mo ti wọ gáùn yìí. Bàbá wọn ń hanrun. Àwọn ọmọ dorí kodò sínú fóònù. Mo ní 'ẹ wo aṣọ mi,' wọ́n ní 'ó dáa,' wọn ò gbójú sókè. Nígbà tí síìpù já, ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́. Mo ní mo ti ríbi lọ."

Dírẹ́bà họ orí pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣófo.

"Ṣé kí n sọ ọ́?" ó ní. "Mo ní bẹ́líìtì nílé."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń kọjá ní títì yíjú wò. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi tó fi gbàgbé ṣòkòtò, díẹ̀ ló kù kí ó tún kí ilẹ̀. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ sì fi yíjú láti mú abẹ́rẹ́, kò bá abẹ́rẹ́ níbi tó fi sí. Ìyàwó tuntun ti jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ti bọ́ apá aṣọ náà kúrò lára, ó ń rán an padà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ dọ́gba bí eyín ọmọdé. Ó gbójú sókè, ó rí i pé wọ́n rí òun, ó sì tún gbójú sílẹ̀. Ìyá Aránṣọ sún àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó náà, ó fi ìdì òwú sáàárín wọn.

Bí oúnjẹ ṣe délẹ̀ nìyẹn o. Ìyá Oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ sílé, búrẹ́dì gbígbóná dé; ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá fúnra rẹ̀, ojú oorun ṣì wà lójú rẹ̀, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé e nítorí òórùn adìyẹ. Ìjà gidi wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lórí itan.

"Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí itan."

"Ìyá, ẹ̀yìn yín ò wà níta mọ́, ẹ ti wọ aṣọ Ìyá Aránṣọ!"

"Ìrora rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbé e wá."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ yìí, igbá pàápàá ò tó, ìdérí ìkòkò ni Dírẹ́bà fi jẹun.

Láàárín ariwo yìí ni fóònù dún.

"Màámi, ẹ kú ọdún. Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú..." Ohùn nọ́ọ̀sì dúró. "Màámi? Ariwo kí nìyẹn? Ṣé kò sí o?"

Ìyá Aránṣọ ti gbé ọ̀rọ̀ kíkorò kan pa mọ́ fún un láti òwúrọ̀. Ó ti fẹ́ sọ ọ́, ló bá gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ohùn ọmọ rẹ̀: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí ẹ̀rín. Yàrá òfìfo.

"Kí lo jẹ lónìí?" ó béèrè.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

"Mo ní kí lo jẹ?"

"Bísíkíìtì, Màámi."

Ìyá gbé ọ̀rọ̀ kíkorò náà tì. Ó tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àwo ọbẹ̀ láàárín tábìlì. "Gbogbo yín, ọmọ mi rèé. Ẹ fún un láyè."

"Nọ́ọ̀sì!" Ìyá Oníbúrẹ́dì ké sínú fóònù bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. "Tètè wá gba ìyá rẹ! Aláago ti fẹ́ gbé e lọ!"

"Aláago wo?"

"Èyí tí kì í ní bọ́tìnnì!"

Wọ́n gbọ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe fa imú. Ó pe nọ́ọ̀sì kejì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó wá gbọ́ nǹkan, àwọn méjèèjì sì bá wọn jókòó ti ọbẹ̀ náà títí aláìsàn kan fi pè wọ́n.

"Ọmọ mi," Ìyá Aránṣọ ní kó tó pa fóònù, "lọ́dún tó ń bọ̀, bí ọ̀gá yín ò bá jẹ́ kó o wá, má fowó ránṣẹ́. Èmi ni màá gbé ìkòkò wá bá ọ."

Èèyàn laṣọ mi, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ti ń rán aṣọ fún gbogbo ayé láti ọjọ́ pípẹ́, òtútù sì ń mú un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí, ara rẹ̀ móoru.

Wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tuntun ló fọ àwo kó tó gòkè, ó sì béèrè bóyá òun lè padà wá lọ́jọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ láti wá jókòó ti màṣíìnì. Dírẹ́bà lọ pẹ̀lú ìkọ́ tuntun ní ìbàdí. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ síìpù mi yẹn, màá ṣì sọ fún gbogbo àdúgbò o," ó sì ṣẹ́jú. "Màá ní kí wọ́n wá kúnlé rẹ."

Ó ku ẹni kan tí àyà aṣọ rẹ̀ ṣì là.

"Ẹ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́," Ìyá Aránṣọ ní. "Ojú tó ń wo inú aago ló yẹ iṣẹ́ yìí."

Bàbá Aláago fi òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, obìnrin náà sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn láyà. Ohun kan ń lù kì, kì, kì láàárín wọn. Ó lè jẹ́ aago tó wà ní àpò rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé aago ni.

"Ẹ má rán an le jù," ọkùnrin náà rọra sọ.

Obìnrin náà fi eyín gé òwú náà. "Mo ti rán an le. Méjì ni mo ṣẹ́ òwú náà po. Èyí ò ní já mọ́ láyé."

Ojú Bàbá Aláago rẹ̀wẹ̀sì. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wá nígbà náà?"

"Ẹ kan ilẹ̀kùn."

Bàbá Aláago wò ó bí ẹni tó ń wo aago tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó mi orí, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó jáde. Ìyá Aránṣọ ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn bọ́tìnnì tó fọ́n ká nídìí màṣíìnì. Kò tíì ṣà wọ́n tán tó fi gbọ́ ìró lẹ́nu ọ̀nà.

Kó. Kó. Kó.